Ẹni Tó Ń Kun Ọwọ́ Ọ̀tún Mi

Oníbàárà náà kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí páálí ìṣáná kan, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Èékánná ni, ti ọwọ́ méjèèjì pé. Kì í ṣe èékánná gan-an o, àwọ̀ pupa tí Àǹtí Dídán kùn lé e lórí ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣí kúrò lódindi, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ bí orí ìka tó ti kúrò ṣe tẹ̀. Kò fọ́, kò sán. Obìnrin náà ní òun kò fi ohunkóhun yọ ọ́. Ó ní òun sùn ni, nígbà tí òun sì jí, òun bá wọn lórí ìrọ̀rí.

Àǹtí Dídán bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jókòó kí òun tún un kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà wo tábìlì, ó wo iná kékeré tí wọ́n máa ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kí jẹ́ẹ̀lì lè gbẹ, lẹ́yìn náà ó wo ojú Àǹtí Dídán fúnra rẹ̀. Ó ní rárá, òun ti gbọ́. Ohun tó gbọ́, kò sọ ọ́. Ó fi páálí ìṣáná sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má wo bí àwọn kan ṣe ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ èékánná. Orúkọ ni wọ́n fi ń ṣe é, orúkọ sì lè bàjẹ́ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Wọ́n ń pe obìnrin yìí ní Àǹtí Dídán ní gbogbo òpópónà yẹn nítorí pé ohun tó bá kùn kì í ṣá. Jẹ́ẹ̀lì ló ń lò, kútẹ́sì tó ki, tí kì í gbẹ fúnra rẹ̀ àfi lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Tó bá ti gbẹ, oṣù á yí po kó tó kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣí.

Kò sí ohun tí kò tíì ṣe. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, tú iná kékeré náà palẹ̀, ó dì í padà, ó ní ara iná yìí le ju ara òun lọ. Àǹtí Dídán ra jẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó fọ tábìlì, ó fọ ilẹ̀, ó fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì. Ó ṣì ń ṣí. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ò bínú mọ́, wọ́n kàn ń dín kù.

Síbẹ̀, kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì tó ń ṣí ló ń lé oorun kúrò lójú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni. Orí ìka ń yún un, awọ ibẹ̀ ń sán, nígbà mìíràn búrọ́ọ̀ṣì á kàn yọ̀ bọ́ lójú oníbàárà. Ọwọ́ òsì kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń bọ́ ọ, tí ọ̀tún ọ̀hún bá ní òun ò ṣe mọ́, kí ló kù fún un?

Òun kọ́ ló sì ń kun ọwọ́ ọ̀tún náà. Òsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń kùn ún, ṣùgbọ́n kò sí bí oníṣẹ́ èékánná ṣe lè fi òsì kun ọ̀tún kó dáa. Á gbọ̀n, á yà, á kun awọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, gbogbo oníṣẹ́ èékánná ló ní ẹnì kan tó ń bá a kun ọ̀tún. Ẹni tó ń bá Àǹtí Dídán kun tirẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Rọra, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oníbàárà tó dé, àwọn méjèèjì á fi ọ̀tún lé ara wọn lọ́wọ́.

Àǹtí Dídán gbá àwọ̀ pupa orí tábìlì jọ padà sínú páálí. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò náà ti kọ́kọ́ wá. Ó lé e lọ, ó tún padà wá.

*

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Rọra kò ní iná aláwọ̀ àlùkò. Páúdà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n á kun oje kan sórí èékánná, wọ́n á ki ìka bọ ìgò páúdà, wọ́n á gbọn ọ́n, wọ́n á kun oje mìíràn lé e, ó ti le nìyẹn. Kò kan pé iná wà tàbí kò sí. Ìyọnu rẹ̀ kan ni pé kì í fẹ́ kúrò. Bí wọ́n bá máa yọ ọ́, wọ́n á fi fáìlì ha á títí, lẹ́búlẹ́bú á bo tábìlì, ti páúdà àti ti èékánná pọ̀.

Ẹni tó bá rí ọwọ́ àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Àǹtí Dídán, òsì rẹ̀ jẹ́ẹ̀lì, ọ̀tún rẹ̀ páúdà. Àǹtí Rọra, òsì rẹ̀ páúdà, ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Àǹtí Rọra ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n fi ti iná sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa lo páúdà, kí wọ́n jọ máa rà á. Àǹtí Dídán kò gbà. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ti oníbàárà yẹn, Àǹtí Dídán sọ̀ kalẹ̀ wá kun ọ̀tún rẹ̀, Àǹtí Rọra sì tún sọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀tún mi nìkan ni mo lè fún yín. Ìka gbogbo oníbàárà mi nínú ìgò kan ṣoṣo? Ó ń kọ mí lóminú.”

“Ìwọ ṣáà máa bẹ̀rù ìgò,” ni Àǹtí Rọra wí. “Iná tó ń yẹ̀yẹ́ ẹ níta yẹn ńkọ́?”

Ó mú fáìlì, ó fi òsì gbà á, ó ha ọmọńdinrín ọ̀tún ara rẹ̀ fìrí láti mọ̀ bóyá ó mú jù, bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn, kí fáìlì tó kan ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ti ṣe é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò mọ̀gbà tí wọ́n ń ṣe é mọ́. Lẹ́yìn náà, ó gba ọ̀tún Àǹtí Dídán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha páúdà àtijọ́ dànù. “Rọra,” ó ń wí ní gbogbo ìgbà tí ìka bá fẹ́ mira. Ọ̀rọ̀ yẹn ló di orúkọ mọ́ ọn lára.

Nígbà tó ha á tán, ó ṣe ohun kan tí Àǹtí Dídán kò rí i kó ṣe rí. Ó na ìwé funfun sílẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá lẹ́búlẹ́bú náà jọ sí i, ó ká a, ó ki í bọ àpò aṣọ rẹ̀. Àǹtí Dídán bi í pé kí lèyí. Ó ní afẹ́fẹ́ ni òun ń sá fún. Fèrèsé wà ní títì, fáànù ò sì yí.

Ó tún mú ìgò kékeré kan jáde tí kò ní àkọlé lára, ó fi òróró inú rẹ̀ pa awọ tó ń sán lórí ìka Àǹtí Dídán. Òórùn káfúrà gba ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Dídán béèrè ibi tó ti rà á. Àǹtí Rọra ní ẹnì kan ló fún òun, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Àǹtí Dídán gidi. Bó ṣe ń gòkè padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun kan ṣàdédé sọ sí i lọ́kàn, ó sì dúró láàárín títì. Nínú gbogbo ọwọ́ ẹlòmíràn tó ti fi jẹ́ẹ̀lì kùn láti ìgbà òjò, ọ̀kan ṣoṣo ni kò ṣí. Ọ̀tún Àǹtí Rọra ni.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, Àǹtí Rọra ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó da gèlè borí nítorí òjò, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù òwú kan tó há sáàárín ilé méjì. Òwú àti bọ́tìnnì ni ìyá àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ń tà lójú gbogbo èèyàn. Àǹtí Rọra dúró ti ògiri títí ẹni tó ń ra síìpù fi lọ.

“Ọwọ́ àbúrò mi yẹn ni mo tún bá wá, ìyá,” ló wí. “Ọ̀tún.”

“Ṣé òun mọ̀?”

“Kò gbọdọ̀ mọ̀.”

Ìyá Olówùú wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ìgò kékeré mìíràn wá. Ó ní kó má jẹ́ kó tán lára ọwọ́ náà. Àǹtí Rọra tọ́jú rẹ̀ sí àyà, ó jáde, ó sì rìn títí dé abẹ́ afárá níbi tí omi òjò ti ń ṣàn lọ. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó yọ ìwé funfun láti inú àpò, ó tú u, ẹnu rẹ̀ ń mira. Ó da lẹ́búlẹ́bú náà sí omi, ó sì dúró síbẹ̀ títí kò fi rí i mọ́.

*

Aránṣọ kan tó ṣì ń wá kun èékánná rẹ̀ ló sọ fún Àǹtí Dídán pé kì í ṣe òwú nìkan ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù olówùú. Ó sọ ọ́ sí i létí, ó sì yára sọ pé òun kò sọ nǹkan kan o. Àǹtí Dídán kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á kàn fi ṣe ẹ̀rín jẹ ni.

Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òwú náà, òórùn káfúrà pàdé rẹ̀. Òórùn tó wà lórí ìka rẹ̀ náà ni. Ó bi Ìyá Olówùú bóyá obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ èékánná máa ń wá síbẹ̀. Ìyá Olówùú ń ká òwú pupa mọ́ páálí, kò gbé ojú sókè.

“Èmi kì í sọ ẹni tó wá fún ẹni tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá béèrè ẹ lọ́wọ́ mi, mi ò ní sọ ìwọ náà.”

Lójú Àǹtí Dídán, ìdáhùn nìyẹn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé sí i lójú. Ẹni tí wọ́n jọ jẹ ìyà ọmọ iṣẹ́, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan, tó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì láàárín àwọn bọ́tìnnì, ó ní kí ìyá wò ó. Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

“Ta ni o rò pé ó ń ṣe é?”

“Ẹni tó ń kùn ún fún mi ni.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

Ó ní ó dá òun lójú. Ìyá ní kó lọ mú lẹ́búlẹ́bú èékánná ọ̀tún ẹni náà wá, ti ẹni náà nìkan, kí ti ẹlòmíràn má dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun á fi í ṣe ohun kan tí ẹni náà á ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀. Àmọ́ kò ṣe é fi sínú jẹ́ẹ̀lì, iná á jó o kó tó ṣiṣẹ́. Páúdà ló lè gbé e.

Àǹtí Dídán jókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Oṣù mélòó ló ti fi ń rojọ́ páúdà, pé òun ò fẹ́, pé ìgò ẹyọ kan ò yẹ fún ìka púpọ̀. Ohun tó ń bẹ̀rù nínú ìgò náà gan-an ló wá fẹ́ fi sí i báyìí. Ó bi ìyá pé kí ni yóò ṣe ẹni náà.

“Ọwọ́ tó bá ń ṣe ìkà ni yóò gan. Kò ní pa á.”

“Bí kì í bá wá ṣe òun ńkọ́, ìyá?”

Ìyá Olówùú ká òwú rẹ̀ dópin, ó fi eyín gé e. “Ìwọ lo sọ pé òun ni.”

*

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Rọra gòkè wá láti wá tún jẹ́ẹ̀lì ọ̀tún rẹ̀ ṣe. Ó ń ṣe àwàdà lórí ọkọ Àǹtí Dídán, pé wọ́n ní ó lọ tún iná ṣe ní ilé kan, ó sì sùn lọ lórí àkàbà. Àǹtí Dídán rẹ́rìn-ín. Ó ti na ìwé funfun sábẹ́ aṣọ ìnuwọ́ tó wà lórí tábìlì. Ó mú fáìlì tuntun, ó dán an wò, ó gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Ọwọ́ náà gbóná, ó rọ̀, ó sì fọkàn tán an. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí Àǹtí Dídán lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n orí ìka tirẹ̀ ń ta á bó ṣe ń di fáìlì mú, ó sì rántí fèrèsé tó wà ní títì. Nígbà tí Àǹtí Rọra dìde láti lọ mu omi, Àǹtí Dídán fa ìwé náà jáde, ó gbá lẹ́búlẹ́bú sí i, ó ká a. Ó ṣe é gẹ́lẹ́ bí ó ṣe rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é.

Kí Àǹtí Rọra tó lọ, Àǹtí Dídán sọ fún un pé òun ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun á fi iná sílẹ̀, òun á máa lo páúdà. Tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ̀tún rẹ̀ ni òun á kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Inú Àǹtí Rọra dùn dé ibi pé ó gbá a mọ́ra. Ó ní òun ti mọ̀ pé àbúrò òun á padà gbọ́ tòun. Àǹtí Dídán dúró sínú ọwọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ojú sí.

*

Àǹtí Rọra tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù òwú láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí pé òróró ti ń tán. Ìyá Olówùú ń to bọ́tìnnì dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Ṣọ́ra fún ohun tí wàá máa ki ọwọ́ bọ̀ lásìkò yìí,” ló sọ níkẹyìn.

Àǹtí Rọra rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa ki ọwọ́ bọ nǹkan. Ìyá kò bá a rẹ́rìn-ín. Bí Àǹtí Rọra ṣe ń padà lọ, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn.

*

Lọ́jọ́ Ajé, ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Dídán, ìgò páúdà wà láàárín àwọn méjèèjì lórí tábìlì. Pupa rúsúrúsú ni. Àǹtí Dídán ti ro ohun tí ìyá fún un pọ̀ mọ́ ọn láàárọ̀ kùtù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì fi aṣọ bo dígí tó wà lára ògiri. Kò mọ ìdí tó fi bo dígí. Ó kàn rí i pé òun ò lè máa wo ara òun.

Ó kun oje sórí èékánná Àǹtí Rọra. Àǹtí Rọra gbé ìgò náà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Àwọ̀ yìí dúdú ju èyí tí mo mọ̀ lọ.”

“Bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi.”

Àǹtí Rọra gbé e kalẹ̀. Ó wo ojú Àǹtí Dídán, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́, ó dúró. Ó ki ìka kejì bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún dúró. Kò jọ pé ó ń kánjú. Lẹ́yìn ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ojú sókè bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é. Àǹtí Dídán ń wo ìgò náà. Nígbà tí ọmọńdinrín wọlé tán tó sì jáde, Àǹtí Rọra mí kanlẹ̀.

“Ó ti parí,” ló wí.

*

Kò sí ohun tó ṣe Àǹtí Rọra. Ọ̀sẹ̀ kọjá, òmíràn kọjá. Páúdà náà ń dán lórí èékánná rẹ̀, kò sán, kò ṣí, àwọn oníbàárà Àǹtí Dídán gan-an ń sọ pé irú ẹ̀ ni àwọn ń fẹ́. Ó ń gé ewébẹ̀, ó ń fọ aṣọ, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún náà juwọ́ sí Àǹtí Dídán láti ìsàlẹ̀ òpópónà.

Ọmọńdinrín ọ̀tún Àǹtí Dídán ló kọ́kọ́ gan. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ó ti ká, kò sì nà mọ́. Ọkọ rẹ̀ fi omi gbígbóná ra á, ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bóyá ìka náà ń bínú sí ẹnì kan. Nígbà tí ìka tó tẹ̀ lé e náà ká, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn ìpara, wọ́n ní kó sinmi. Nígbà tí ìka àárín náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Ó ń gbé ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí oníbàárà bá wọlé, ó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti kún ọwọ́ òun lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀rù bà á gidi. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù òwú lójú òjò, ó gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti rí i, ó ti dá a padà, agbára rẹ̀ ju ti ìyá lọ.

Ìyá Olówùú ní kó jókòó. Ó wọ ẹ̀yìn, ó mú ìwé funfun tó kù jáde, èyí tí Àǹtí Dídán gbé lẹ́búlẹ́bú wá nínú rẹ̀. Ó ní kó fi hàn òun bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà. Àǹtí Dídán bú sẹ́kún, ó ní kí ni fífi hàn fẹ́ ṣe. Ìyá ti rúlà onígi kan sọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó ṣe bí ẹni pé fáìlì ni.

Àǹtí Dídán fi àtàǹpàkò àti ìka tó kù di igi náà mú. Ó gbé e, kó tó ro ohunkóhun, ọwọ́ òsì ti gbà á, ó ti fi kan ọmọńdinrín ọ̀tún ara rẹ̀, ó ti ha á fìrí. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Òjò ń lu páànù. Ọmọńdinrín tó ká náà wà lábẹ́ igi, Àǹtí Dídán sì ń wò ó. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú ìwé lọ́jọ́ náà. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ṣáájú.

“Mo ní kí ti ẹlòmíràn má dà pọ̀ mọ́ ọn,” ni Ìyá Olówùú wí, ohùn rẹ̀ kò le. “Ó wọ ọwọ́ kejì, kò bá ìkà níbẹ̀. Ó wá ọ̀dọ̀ rẹ. Ibí ló ti bá a.”

Ó bẹ ìyá kó gbà á kúrò. Ìyá ní òun kò lè gbà á. Ẹni tí wọ́n rán an sí níbẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á dànù, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ha. Bí kò bá mọ̀, iṣẹ́ lásán ni.

*

Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti ro oríṣiríṣi irọ́ lójú ọ̀nà, kò sí èyí tó bá a dé ẹnu ilẹ̀kùn. Àǹtí Rọra gba ọ̀tún náà lórí tábìlì, ó rí bó ṣe ká. Ó mú fáìlì, ó dán an wò lára ọmọńdinrín tirẹ̀. Ó dúró, ó ń retí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, nínú páúdà ọjọ́ yẹn, mo…”

“Mo mọ̀.”

Àǹtí Rọra kò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Láti ọjọ́ tó o gbé e síwájú mi ni mo ti mọ̀. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ páúdà?” Ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tipẹ́. “Mo rò pé ẹnì kan ń wá ọwọ́ rẹ. Lẹ́búlẹ́bú tí mò ń kó, omi ni mò ń dà á sí, kí ẹnikẹ́ni má rí i lò. Òróró yẹn, mo tọrọ ẹ̀ fún ẹ ni. Mi ò sọ fún ẹ nítorí mo mọ̀ ẹ́, o ò ní sùn mọ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?”

“Mi ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?” Àǹtí Rọra gbé fáìlì lé èékánná àtàǹpàkò. “Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá wàá di ọwọ́ mi mú. Ìka márùn-ún ni mo kì bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo fi dúró dè ẹ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Àǹtí Dídán ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, Àǹtí Rọra kò dá a dúró. Ó ha àtàǹpàkò, ó ha àwọn tó kù, ó tú èyí tó ká díẹ̀díẹ̀ kó lè rí orí rẹ̀ ha. Ó ṣe é mọ́ bó ṣe máa ń ṣe é láti ìgbà èwe wọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe. Kò sọ pé rọra. Nígbà tó dé ọmọńdinrín tó sì ha á tán, ìka náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì nà. Ó gbá lẹ́búlẹ́bú náà sínú ìwé, ó gbé ìwé náà fún Àǹtí Dídán pé kó lọ dà á nù fúnra rẹ̀.

Àǹtí Dídán ká ọwọ́, ó nà án, ó tún ká a. Gbogbo ìka rẹ̀ ń ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe. Ó nu ojú, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun bá a kun ọ̀tún tirẹ̀, ó ti tó àsìkò.

“Má ṣèyọnu,” ni Àǹtí Rọra wí. “Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a kùn.”

Ó fi ọ̀tún rẹ̀ lé orí aṣọ ìnuwọ́, ó mú búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun èékánná ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oje náà yà kúrò lórí èékánná, ó kun awọ, Àǹtí Rọra nù ún, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Dídán jókòó níwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti sàn wà lórí itan, kò sì sí ẹni tó ní kó gbé e wá.